Òjò Ìlà Oòrùn, Páànù Ṣáṣá

Ní ọdún 1975, J.D. 'Okhai Ojeikere ya fọ́tò irun tí à ń pè ní onílé gogoro. Láti 1968 ló ti ń ya irun, ẹ̀yìn orí ló sì sábà máa ń yà, láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Irun tí wọn yóò tú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá dúró bí ère. Alfred Stieglitz ti ṣe irú rẹ̀ sí ìkùukùu ní Amẹ́ríkà láti 1922: nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò náà, kò sí ilẹ̀, kò sí ilé.

Ọ̀nà yẹn yẹ irun. Ní ti sánmà Ṣáṣá, ní Alímọ̀ṣọ́, n kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá yọ páànù kúrò lábẹ́ òjò Ṣáṣá ti yọ òjò náà fúnra rẹ̀.

Ṣáṣá kò ní ilé àwòṣífìlà bíi ti Marínà. Òrùlé páànù, táǹkì omi lórí irin, òpó ńẹ́tíwọ̀kì àti ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí ló pààlà ilẹ̀ àti òfurufú níbẹ̀. Àwọn ilé rẹ̀ kò ga, ìdí nìyẹn tí sánmà fi ráyè. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, òjò tó ní ìjì nínú sábà máa ń gba ìlà oòrùn wọ Èkó. Ní Ṣáṣá, apá pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ló ti ń ṣú bọ̀. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì wà lọ́wọ́ Ìgàndò ní ìwọ̀ oòrùn, ìkùukùu kò tíì bò ó. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fẹ̀gbẹ́ wọlé, á bà lé páànù, nígbà tí ẹ̀yìn páànù ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Èyí tó ti dípẹtà á pọ́n bí epo. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn á tàn débi pé ojú kò ní gbà á. Níbi tí atẹ́gùn ti ká etí páànù kan sókè, òjìji rẹ̀ á gùn gbọọrọ lórí ìkejì. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Eruku á sọ, àwọn obìnrin á sáré kó aṣọ lórí okùn, iná á lọ, òjò á dé.

Òṣùmàrè náà ń bá ìlànà yìí rìn, pé kí òjò wà níwájú, kí oòrùn wà lẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ yà á gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí oòrùn, oòrùn náà kò sì gbọdọ̀ ga ju nǹkan bí dígírì 42 lọ, nítorí náà ẹni tó dúró sílẹ̀ kì í rí i lọ́sàn-án gangan. Ó di nǹkan bí aago mẹ́rin. Bí òjò bá ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn, tí àwọn ọmọdé ń pariwo pé kìnnìún ń bímọ, Ìkẹjà ni kí ayàwòrán yíjú sí.



Fóònù ni ọ̀pọ̀ fi ń ya irú òjò yìí, n kò sì bá wọn wí. Ohun tó ń dùn mí ni pé fóònù á ya fọ́tò bíi mélòó kan pọ̀, á lẹ̀ wọ́n mọ́ra, á tan ìmọ́lẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn. Òjò tó ṣú dẹ̀dẹ̀ á di eérú. Bí wọ́n bá tún wá fi fílítà kùn ún ní àwọ̀ àlùkò, sánmà ìlú kan ò ní yàtọ̀ sí ti òmíràn mọ́. Ẹni tó dín ìmọ́lẹ̀ kù kó tó tẹ̀ ẹ́, tó jẹ́ kí dúdú dúdú, ló rí òjò náà.

Ayàwòrán Akinbode Akinbiyi, tó ti ń fẹsẹ̀ rin Èkó tipẹ́ pẹ̀lú fíìmù dúdú òun funfun, kò dá òfurufú yà ní etíkun Bar Beach. Àwọn aláṣọ funfun tó ń gbàdúrà wà nínú fọ́tò rẹ̀. Ìlú tuntun Eko Atlantic ti gba etíkun yẹn báyìí, àmọ́ fọ́tò náà ṣì ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé èèyàn níbẹ̀.

Páànù Ṣáṣá náà ń lọ. Alumíníọ̀mù aláwọ̀ ni wọ́n ń kàn báyìí, kì í sì í dípẹtà, kò ní pọ́n bí epo lábẹ́ òjò kankan. Mo fẹ́ kí ẹnìkan gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní oṣù kẹrin tó ń bọ̀, kó kẹ̀yìn sí Ìgàndò, kí wọ́n tó ṣí páànù pupa tó kù kúrò.