Ọ̀wẹ̀ Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tó gbòde ní àwọn ìlú ńlá wa báyìí tó ń kọ mí lóminú. Bí wọ́n bá fẹ́ tún ọgbà ìgbafẹ́ àtijọ́ kan ṣe, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àjọ̀dún nínú rẹ̀, wọn a ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá yọ̀ǹda ara wọn, kí wọ́n wá gbálẹ̀, kí wọ́n wá to àga, kí wọ́n wá júwe ọ̀nà fún àlejò. Wọn a fún wọn ní ṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá bèèrè pé èwo ni tèmi níbẹ̀, wọn a ní, "Ṣebí ọ̀wẹ̀ ni, ṣebí àṣà wa ni." Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dá wọn dúró. Ní Òkàká níhìn-ín, àti ní gbogbo Òkè-Ògùn láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, a mọ ohun tí ọ̀wẹ̀ jẹ́, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń pè é yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àáró ná. Àáró ni tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la: a jọ kọ ebè lóko mi, ní ọ̀túnla a ó kọ ti oko rẹ, bí o kò bá wá sí tèmi, èmi náà kò ní í wá sí tìrẹ. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún, tó ń kọ́lé tàbí tó fẹ́ ṣán igbó ńlá, òun ló ń bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ ènìyàn a kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀. Kò sí owó níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò se oúnjẹ, òun ni yóò wá ẹmu, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ mú ọkọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn. Mi ò tíì rí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ tó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà oko tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́.

Ojú yìí ni mo fẹ́ fi wo àwọn ọgbà wa. Èkó ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti gún régé jù lójú mi.

Ọgbà tí wọ́n ń pè ní Freedom Park wà ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ní 1882 ni ìjọba òyìnbó kọ́ ọ; amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n fi bò ó. Àwọn tó kórìíra ìjọba náà a máa ju iná lé e lórí, ni òyìnbó bá kó bíríkì wá láti Ìlú Ọba ní 1885, ó fi tún un kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá ìjọba náà fà á ló sùn lẹ́yìn ògiri yẹn. Herbert Macaulay wà lára wọn. Ní 1928 wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ Èṣùgbàyí Elékòó, ọba tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́ láti 1925. Kí ará Òkè-Ògùn má sì sọ pé ọ̀rọ̀ Èkó kò kan òun. Ọmọbìnrin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló bí Macaulay, Òṣogùn tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn ni wọ́n sì ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821. Ọmọ ọmọ wa ni wọ́n tì mọ́lé níbẹ̀.

Wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà ní 1979, ilẹ̀ rẹ̀ sì di ààtàn láàárín ìlú. Ayàwòrán-ilé kan, Theo Lawson, ló pète bí yóò ṣe di ọgbà, wọ́n sì ṣí i ní October 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Mo kan sáárá sí ọkùnrin náà. Ẹlòmíràn ì bá da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀, kó gbin òdòdó sí i, kó gbàgbé. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ojú ilẹ̀ àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n ṣì hàn, kí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn bí ibẹ̀ ti há tó. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ló gbé pèpéle eré kọ́ sí. Ìgboyà ńlá nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹni tó lè dúró sórí pèpéle náà, kó mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ara rẹ̀ má sì gbọ̀n rìrì.

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ nìkan ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí gbohùngbohùn ń ké, tí ọtí tútù ń lọ láti orí tábìlì kan dé òmíràn, ta ló rántí okùn? Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé kí wọ́n má jó. Àwa Yorùbá ń jó níbi òkú àgbà, a tilẹ̀ ń ná owó lé e. Ṣùgbọ́n a mọ òkú tí à ń jó fún, a mọ orúkọ rẹ̀, a mọ oríkì rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ṣíwájú ijó. Ohun tí mo rí sí ọgbà náà ni pé ó fún àlejò ní ohun púpọ̀ láti wò àti láti rà, kò fi bẹ́ẹ̀ fún un ní ohun tí yóò ṣe. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ayẹyẹ ibẹ̀ ni àjọ̀dún ìwé àti ọnà tí ẹgbẹ́ CORA ń ṣe lóṣù November. Láti 1999 ni ẹgbẹ́ náà ti ń ṣe é, ó ṣáájú ọgbà náà fúnra rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ ó rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń kàwé, tí wọ́n ń kun àwòrán, nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ti àwọn bàbá wọn mọ́lé. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun nǹkan níbẹ̀ yóò padà wá. Ẹni tó kàn wá mu ọtí yóò lọ mu ún níbòmíràn bí owó rẹ̀ bá wọ́n jù.

Ẹnì kan lè ní, "Ó dáa, ṣé kí ìjọba wá fi agbára mú àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ ni?" A ti rí ìyẹn náà. Láti 1984, nígbà ìjọba ológun Bùhárí àti Ìdíàgbọn, ni wọ́n ti dá ìmọ́tótó òpin oṣù sílẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, mọ́tò kò gbọdọ̀ rìn. Kí ni a rí? Àwọn ọ̀dọ́ sọ títì di pápá bọ́ọ̀lù, bàbá ń sùn nínú ilé, ẹni tó bá sì gbọ́n ohun inú gọ́tà jáde a kó o sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, títí òjò yóò fi gbá a padà. Ní November 2016 ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ fòpin sí i, lẹ́yìn ọdún 32. Ẹni tí ọlọ́pàá lé síbi iṣẹ́ kò ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì tàn lọ náà kò ṣe é.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ọgbà tí a fi ń yangàn ni ti Agodi, n'Ìbàdàn. Ní 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Odò Ògùnpa gba ibẹ̀ kọjá, gbogbo ẹni tó bá sì mọ Ìbàdàn mọ ohun tí Ògùnpa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá ru. Ó ṣe é ní 1980. Ní 26 August 2011 ó tún ṣe é, ó pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nígboro, ó sì ba ọgbà Agodi jẹ́ pátápátá. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 2014, ó sì lẹ́wà, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, eré ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ló ń wáyé níbẹ̀. Àmọ́ kí ló mú omi náà burú tó bẹ́ẹ̀? Ìdọ̀tí tí a dà sínú odò wà lára rẹ̀, àti ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi. Àwọn tó ń da ìdọ̀tí náà ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kan náà tó ń wọ inú ọgbà. Ìgbà wo la pè wọ́n? A mọ odi, a fi géètì sí i, a ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé Ògùnpa náà yóò dúró ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọlé! Bí ó bá jẹ́ èmi ni ọ̀gá ibẹ̀, àwọn ará ẹ̀bá odò ni n ó kọ́kọ́ bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́wọ́ wọn, n ó sì ṣí géètì fún àwọn àti ọmọ wọn láìgba kọ́bọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, ó wà ní Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun kì í ṣe ọgbà tí ayàwòrán-ilé yà; igbó òrìṣà ni, ó tó hẹ́kítà 75, ìlú sì ti dàgbà yí i ká. Nígbà tí Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dé ibẹ̀, ikán ń jẹ ojúbọ, àwọn kan ń gé igi, àwọn kan ń wá ilẹ̀ rà. Kò dá nìkan ṣe é. Ọmọ ìlú ni Àdèbísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, bẹ́ẹ̀ náà ni Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálì Àkàngbé, àwọn ni wọ́n jọ fi amọ̀, sìmẹ́ǹtì, òkúta àti igi gbé àwọn ère ibẹ̀ dúró. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 2005 UNESCO gbà á wọlé sára ogún gbogbo ayé. Àdùnní kú ní January 2009, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ṣì ń tún àwọn ère náà ṣe. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ló so wọ́n mọ́ ibẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe ojúsàájú. Ní August ọdọọdún, nígbà tí Arugbá bá gbé igbá dé etí odò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń wá, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá a sì ta aṣọ ìpolówó wọn káàkiri ìlú. Ní 2022, ìjọba Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má mu omi odò náà, nítorí pé ó ti dàrú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi ẹ̀sùn náà kan àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò. Ìyẹn ni pé Yèyé Ọ̀ṣun tí a wá kí, a kò lè bu omi rẹ̀ mu. Ayẹyẹ náà kún fọ́fọ́, kò sì sí ohun tó sọ di mímọ́ nínú omi náà. Èyí ló bà mí nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tó wá ń gbàdúrà lọ́jọ́ kan yẹn lè dìde fún odò náà ní ọjọ́ 364 tó kù, ta ni ì bá gbójúgbóyà da ẹrẹ̀ sí i?

Àwọn tó máa ń sọ pé "lókè òkun ńkọ́" yóò ti máa retí kí n dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní New York, wọ́n ṣí ọgbà Central Park ní 1858. Kí wọ́n tó rí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n lé àwọn ará abúlé Seneca kúrò ní 1857, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ra ilẹ̀ fúnra wọn. Kò sí ẹni tó bẹ àwọn yẹn lọ́wẹ̀. Nígbà tí ọgbà náà bàjẹ́ nínú àwọn ọdún 1970, àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1980 tó gba ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ra, títí di òní ni àwọn kan sì ń wá tu koríko níbẹ̀ láìgba owó. Ṣùgbọ́n owó àwọn olówó ló wà lẹ́yìn ọkọ́ wọn o, kí a má tan ara wa.

Àwa tó wà nílé ńkọ́? Òkè-Ògùn ní ohun tó ju ọgbà lọ. Ọ̀yọ́-Ilé ń bẹ nínú igbó ìjọba tí wọ́n sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Ìlú ńlá ni kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ nínú àwọn ọdún 1830, kì í ṣe igbó. Èyí tó sún mọ́ ilé jù ni Igbó Ọba ní Ìgbòho, níbi tí wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí nígbà tí Ọ̀yọ́ fi ibẹ̀ ṣe ìlú. Lọ́dọọdún a ń ṣe ọjọ́ ìlú káàkiri, a ń ta kànápì, a ń pe alága, a ń fi owó lọ́lẹ̀, a ń fún àwọn ènìyàn ńlá ní àmì ẹ̀yẹ. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni yóò bo pápá. Mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú yọ ọjọ́ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ kí ọjọ́ ìlú tó dé, fún ibi kan tí ìtàn wà. Kì í ṣe kí ẹnikẹ́ni kàn gbé àdá wọ Igbó Ọba o. Àwọn tó ni ín ń bẹ, àwọn ni yóò sọ ibi tí àdá lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Kí alága kọ́kọ́ mú ọkọ́, kí a rí i. Kí wọ́n má dá a sí ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n sì ro ọkà tó pọ̀, nítorí pé àwọn ará Òkàká tí wọ́n bá bẹ̀ lọ́wẹ̀ kì í jẹun díẹ̀.