Ilé Àgbẹ̀ nínú The Concubine ti Elechi Amadi

Ọ̀rọ̀ Ọba Omi ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ lórí The Concubine (1966) máa ń dá lé. Ilé tí Ihuoma ń gbé kì í sábà kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìjà lórí ilẹ̀, láàrin Emenike ọkọ rẹ̀ àti Madume, ni òǹkọ̀wé fi ṣí ìtàn náà. Ilé àgbẹ̀ kì í ṣe ibùdó ìtàn lásán nínú ìwé yìí. Òun gan-an ni ó ń ti ìṣẹ̀lẹ̀ síwájú.

Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, ni ìlú Amadi, ẹni tí a bí ní 1934 tí ó sì kú ní 2016. Oko àwọn ọmọ Ikwerre ni ilẹ̀ Port Harcourt fúnra rẹ̀ kí ìjọba amúnisìn tó sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní 1913. Irú ilé tí wọ́n ń kọ́ ní agbègbè náà látijọ́ rọrùn láti ṣàpèjúwe. Wọn a ri igi mọ́lẹ̀, wọn a fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ewé ògùrọ̀ tí wọ́n gán pọ̀ bí ẹní ni òrùlé, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá ti ń fi bẹẹrẹ bo ilé ní ọ̀dàn, tí wọ́n sì ń fi gbòdògì bò ó nínú igbó. Obiri ni gbọ̀ngàn ìpàdé ẹbí; orúkọ náà ṣì wà lára Obiri-Ikwerre ní Port Harcourt títí di òní.

Òrùlé ewé kì í pẹ́ jò. Ilé tí kò ní ọkùnrin tí yóò gùn ún ti di ọ̀ràn gbogbo abúlé. Nígbà tí Nnadi, arákùnrin olóògbé, àti Ekwueme dáwọ́ lé àtúnṣe òrùlé Ihuoma, iṣẹ́ àánú ni lójú ayé. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tí ó mọ àṣà opó ṣíṣú yóò bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gun òrùlé opó. (Ní èdè Yorùbá, ohùn nìkan ni ó ya opó sí òpó.)

Ibì kan wà tí òǹkàwé Yorùbá ti lè ṣi ìtàn náà lóye. Ìlú ni ilé Yorùbá sábà máa ń wà. Abà àti ahéré ni ti oko. Ní Omokachi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ fara ti ẹ̀yìnkùlé. Nítorí náà, nígbà tí Madume lọ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí sèbé sì tu oró sí i lójú, kì í ṣe oko olóko ni ó wọ̀. Ilé opó ni ó fẹ́ gbà.

Ibi tí ìwé náà ti mẹ́hẹ ni ìgbà tí Anyika, adáhunṣe, fi hàn pé aya Ọba Omi ni Ihuoma. Láti ibẹ̀, ilẹ̀ àti òrùlé tí ó ti ń ṣàlàyé ìwà àwọn ẹ̀dá ìtàn dáadáa di ohun ẹ̀yìn. Ikú Emenike, tí òǹkàwé ti lè so mọ́ ìjà ilẹ̀, wá di iṣẹ́ ẹ̀mí àìrí. Àdánù ni èyí jẹ́ fún ìtàn náà. Amadi kò kúkú pa ilé tì pátápátá. Alángbá, tí ògiri àti òrùlé ewé jẹ́ ibùgbé fún, wà lára ohun ètùtù tí wọ́n ń wá. Alángbá ni Nwonna, ọmọ Ihuoma, ta ọfà sí tí ọfà náà fi ba Ekwueme.