Ìmọrírì fún Àwọn Tí Ń Fa Ẹ̀jẹ̀ Síni Lára

Láti ọdún 1901 tí Karl Landsteiner, oníṣègùn ìlú Vienna, ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ṣe oríṣi kan náà, ni a ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń gba ẹ̀mí là lè pa ènìyàn bí kò bá bá tirẹ̀ mu. Nítorí náà ni mo ṣe ń yin nọ́ọ̀sì, abiyamọ tòótọ́, ẹni tí kò jẹ́ sọ pé, "Ìyá Àdùkẹ́ ni yín, àbí?", tí ó jẹ́ pé ohun tí yóò wí ni, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ yín? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?", tí yóò sì fi ìdáhùn wé ohun tí a kọ sára ìdè ọrùn ọwọ́ aláìsàn àti sára àpò ẹ̀jẹ̀, nítorí Ìyá Àdùkẹ́ méjì lè wà ní wọ́ọ̀dù kan. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń kán, nọ́ọ̀sì náà kò ní jìnnà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́. Bí òtútù bá mú aláìsàn, tàbí tí ẹ̀yìn ń ro ó, yóò dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró lójú ẹsẹ̀, yóò sì ké sí dókítà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni nílé ìwòsàn, bí wọ́n bá tún bèèrè orúkọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má bínú, ẹ dá wọn lóhùn.