Ìka Kò Dọ́gba: Àyẹ̀wò Ìdọ́gba Agbára nínú Eré Ogun Ojú Omi

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ohun ìjà ẹnì kìíní kò yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ihò mẹ́fà ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 24 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Síbẹ̀, ọ̀ta ń pa ọ̀pẹ. Ìdọ́gba tó wà lórí ọpọ́n kì í ṣe ìdọ́gba ọgbọ́n ẹni tó ń ta á. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ eré ogun ojú omi wò ní láti fi èyí sọ́kàn, nítorí pé irú eré bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ ní ọmọ ayò tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà.

Eré tí à ń wí ni èyí tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń ṣe àfarawé ogun ìgbà tí ọkọ̀ ń fi ìgbòkun rìn. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Wooden Ships and Iron Men, tí ilé iṣẹ́ Battleline kọ́kọ́ gbé jáde ní 1974. Páálí tí a fàlà sí ni òkun. Ègé páálí kékeré ni ọkọ̀. Olùkópa kọ̀ọ̀kan yóò kọ ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbà sínú ìwé ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo ọkọ̀ yóò gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ẹni tí yóò yára àti ẹni tí yóò falẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Òmíràn ń gbé àgbá tó ju 100 lọ; òmíràn ń gbé 74; fírígéètì, ọkọ̀ tó fúyẹ́ tó sì yára, lè gbé 38; àwọn kéékèèké kò tó 20. Kí eré má bàa ṣe ojúsàájú, ọ̀pọ̀ olùkópa a máa dá iye lé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn a sì ní kí ìhà méjèèjì kó ọkọ̀ tí iye wọn dọ́gba jọ. Lójú, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò dára. Olùkópa tó gbọ́n yóò wá irú ọkọ̀ tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù sí iye rẹ̀, irú ẹ̀ nìkan ni yóò sì kó jọ. Fírígéètì yóò di ohun àpatì. Bẹ́ẹ̀ ní ayé ìgbà náà, fírígéètì ni ojú ọ̀gágun: òun ní ń ṣe amí, òun ní ń jíṣẹ́, òun ní ń lé ọkọ̀ oníṣòwò. Bí eré kò bá ní iṣẹ́ fún un, òfin eré ló lábùkù, kì í ṣe ọkọ̀.

Iye àgbá nìkan kò sì tó fi wọn agbára. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 1813, Shannon ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé Chesapeake ti Amẹ́ríkà nítòsí Boston. Fírígéètì alágbàá 38 ni àwọn méjèèjì. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, Shannon ti gba Chesapeake, nítorí pé Philip Broke, ọ̀gá rẹ̀, ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ayìnbọn rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Bákan náà ni ní Trafalgar ní 1805: ọkọ̀ ogun ńlá 27 ni Gẹ̀ẹ́sì kó pàdé 33 ti Faransé àti Sípéènì, ìhà tó pọ̀ ló sì fìdí rẹmi. Ìyìn ni fún eré 1974 náà pé ó pín àwọn atukọ̀ sí ìpele, láti orí akọni dé orí aláìmọṣẹ́.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú òkun gbalasa ni ìfẹ́ rẹ̀ wà jù. Ibi tó lè dán irú eré bẹ́ẹ̀ wò dáadáa ni ọ̀sà Èkó ní 1851. Ìgbòkun ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì nígbà náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ ọ̀sà pẹ̀lú ọkọ̀ Bloodhound àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké. Àwọn ọmọ ogun Ọba Kòsọ́kọ́ yìnbọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì padà sẹ́yìn lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá. Ọkọ̀ Teazer há sórí iyanrìn. Ìgbìyànjú láti pa àgbá tó dojú kọ ọ́ lẹ́nu mọ́ gba ẹ̀mí púpọ̀. Lọ́jọ́ kejì, rọ́kẹ́ẹ̀tì dáná sun ìlú. Kòsọ́kọ́ àti Oṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, sá. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tẹ̀dó sí nígbẹ̀yìn. Ogun Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó sọ ogun náà, nítorí ìró àgbá.

Báwo ni a ó ṣe sọ èyí di eré? Bí a bá fún Kòsọ́kọ́ ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kí agbára lè dọ́gba, a purọ́ mọ́ ìtàn. Bí a bá sì ní àfi kó ri ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó borí, a sọ ẹni tó mú ìhà rẹ̀ di ẹran ìrúbọ. Ọ̀nà kẹta ló tọ́: kí agbára yàtọ̀, kí ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń lé náà yàtọ̀. Kí Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ méjì péré. Kí àdánù ènìyàn lè lé e padà. Kí iyanrìn abẹ́ omi máa dẹkùn de ọkọ̀ ńlá. Kí igi tí Èkó rì mọ́ etí omi dènà ẹni tó fẹ́ gúnlẹ̀. Bí Èkó bá dúró títí àkókò náà fi pé, ó borí. Ìjà oṣù kọkànlá ti fi hàn pé èyí kì í ṣe àlá.

Ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Olùkọ́ tó bá fi ẹfun ya ọ̀sà Èkó sílẹ̀ kíláàsì ní Tudun Wada, níbi tí òkun ti jìnnà réré, lè fi òkúta àti ègé igi kọ́ ìtàn náà. Ọmọ Nupe tó wà níbẹ̀ yóò mọ̀ pé ìran rẹ̀ ni Oṣòdì Tápà ti wá. Ọmọ tí a bá sọ fún pé àgbá òyìnbó pọ̀, ó parí, yóò gbà pé a ti ṣẹ́gun àwọn baba rẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ dúró ní etí omi nínú eré yóò bèèrè ìdí tí oṣù kọkànlá kò fi rí bí oṣù kejìlá. Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́.

Àwọn kan lè ní kò yẹ kí a fi ikú ènìyàn ṣeré. Wọn kò jẹ̀bi. Nítorí náà, bí eré bá parí, kí olùkọ́ sọ ti àwọn ilé tó jóná, kí ó sì sọ ti òwò ẹrú tí Kòsọ́kọ́ kò fẹ́ fi sílẹ̀, àti ti òwò tí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń wá. Ìka kò dọ́gba, síbẹ̀ kò sí èyí tí kò níṣẹ́ nínú wọn. Eré tó bá fún ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ní iṣẹ́ tó tọ́ sí wọn, òun ló dọ́gba.