Àjẹ́ kọ́ ni olóògùn: èrò àwọn òǹwòran nípa eré Àrélù

Eré Àrélù, ti Jimoh Aliu (tí ó kú ní 2020), tí a fi hàn lórí amóhùnmáwòrán Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980, kò ṣe àjèjì ní Pobẹ̀ àti Sakété. Ìtòsí ibodè ni ìlú méjèèjì wà, èdè eré náà sì yé tọmọdé tàgbà. Ìbẹ̀rù ni ó fi ń fa òǹwòran mọ́ra, pàápàá nígbà tí Fádèyí Olóró bá yọ.

Èrò mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òǹwòran. Àwọn kan ní òtítọ́ pọ́ńbélé ni, pé bí ayé ti rí gan-an nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ó ń dẹ́rù ba ọmọdé, ó sì lè kọ́ wọn ní ìkà. Àwọn tí ó kàwé Faransé ní « sorcellerie » lásán ni. Èrò wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí gbogbo wọn ti pàdé: àjẹ́ ni wọ́n pe gbogbo agbára inú eré náà. Níbẹ̀ ni a kò ti lè gbà fún wọn.

Èdè wa kò da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Àjẹ́ ni agbára tí a gbà pé ó ń bẹ nínú obìnrin, tí a fi ẹyẹ ṣe àmì rẹ̀; oṣó ni ti ọkùnrin. Olóògùn ni ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́, tí ó mọ ewé, tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí a ń pè sí i. Olóògùn ni Fádèyí, ọfọ̀ sì ni ohun ìjà rẹ̀. Pierre Verger fi hàn nínú ìwé rẹ̀, Ewé (1995), pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ sábà máa ń bá ara wọn mu ní ìró. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí àríwísí ti bẹ̀rẹ̀: ǹjẹ́ ọfọ̀ inú eré náà bá ìṣe mu, tàbí ariwo lásán ni?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti onímọ̀ èdè nìkan. Ní 1975 sí 1976, lábẹ́ ìjọba Mathieu Kérékou, a fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan àwọn obìnrin arúgbó ní Bẹ̀nẹ̀, a sì gbé ìjẹ́wọ́ jáde lórí rédíò. Àrùn ni o, oògùn ni o, èpè ni o, orúkọ kan ṣoṣo ni a fi pe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó wo ìjà olóògùn tán, tí ó wá ń fura sí ìyá arúgbó àdúgbò rẹ̀, ti ṣi eré náà gbọ́.

Àwọn baba wa mọ ọ̀nà mìíràn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ìran ènìyàn, ń bu ọlá fún àwọn ìyá, ó sì ń pẹ̀tù sí wọn lọ́kàn. Orin ni ó fi ń bá oníwà burúkú wí.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má wo Àrélù. Ohun tí a ń béèrè ni pé, kí òǹwòran tó dájọ́, kí ó pe olóògùn ní olóògùn, kí ó sì fi orúkọ àjẹ́ sílẹ̀ síbi tí èdè fi í sí.