Etí Ọ̀gá Mi

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ alùpùpù lẹ́bàá Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, kì í fojú yan ọjà. Bí ẹnì kan bá gbé alùpùpù àlòkù méjì tó jọra wá pé kó bá òun mú èyí tó dáa, àtẹ́lẹwọ́ ló máa kọ́kọ́ gbé lé ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ, ó di ọ̀la. Ẹni tó ń tà á ti tan án kó tó dé, torí pístìnnì tó ti jẹ máa ń wú nínú ooru, ariwo rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Òwúrọ̀ tútù ni pístìnnì ń sọ òótọ́.

Àwọn oníbàárà mi a máa bi mí pé Boxer ni àbí TVS. Mi ò bá ilé-iṣẹ́ kankan jà. Íńdíà ni Boxer BM 100 àti TVS HLX 100 ti wá, 99.27 cc ni ti àkọ́kọ́, 99.7 cc ni ti èkejì, pístìnnì kọ̀ọ̀kan, gíà mẹ́rin mẹ́rin. Bó bá jẹ́ tuntun, ra èyí tí owó rẹ ká. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ti gùn ún, ìwà ẹni tó gùn ún lò ń rà, inú ẹ́ńjìnnì ló sì wà.

Súkúdíráfà gígùn kan, onígi lọ́wọ́, ni ọ̀gá fi ń wá a. Á fi ẹnu irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, á wá fi ìdí igi náà tẹ eegun tó wà níwájú etí. Kì í tì í bọ inú etí, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyẹn. Bó bá wọnú etí, gbogbo ọjà lo máa gbọ́: aláta, oníkásẹ́ẹ̀tì, ọlọ́kadà tó ń pe Básírì, Básírì. Bó bá wà lórí eegun, ọjà á pa rẹ́, ẹ́ńjìnnì nìkan ló máa kù.

Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́-tẹ́-tẹ́ tó fúyẹ́, tápẹ́ẹ̀tì ni, àtúnṣe rẹ̀ kò gbowó. Bí irin bá ń fara ha irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, táímìnnì ṣéènì ti fà. Lẹ́yìn náà la máa sọ̀ kalẹ̀ síbi kíránkì, níbẹ̀ ni sùúrù wà. Ohùn tó wúwo ni ohùn ìsàlẹ̀, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí etí tó gbọ́. Ọ̀gá kì í fún un níná tààrà. Á fún un díẹ̀, á jọ̀wọ́ rẹ̀, torí ìgbà tí iná bá ń bọ̀ wálẹ̀ ni kọ́nródù tó ti jẹ máa ń kan. Á tún di kúlọ́ọ̀ṣì mú: bí ariwo bá yí padà, kúlọ́ọ̀ṣì ni kí o bi, má bi kíránkì.

Ara Suzuki AX100 ló ti kọ́ èyí, òun àti Jincheng tí wọ́n ń ṣe ní Nanjing, tí ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn yẹn kò ní tápẹ́ẹ̀tì rárá, nítorí náà kò sí ohun tó ń pariwo lókè tó lè gba etí ẹni. Mo ṣì ń gbóòórùn èéfín wọn, ọ́ìlì tó ń jó pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù, tó máa ń wà lára aṣọ wa títí dọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀gá á ní ká dijú. Ẹni tó bá lajú, á gba súkúdíráfà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn tó ń fi ohùn ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n yan èyí tó dáa. Fóònù á gbé ariwo òkè, kò ní gbé ti ìsàlẹ̀. Àwọn kan tún ń da ọ́ìlì tó ki jù sínú ẹ́ńjìnnì kó lè dákẹ́, wọ́n á kun táǹkì, wọ́n á yí nọ́ńbà máìlì padà sẹ́yìn. Ìrẹ́jẹ ni. Ẹni tó máa gbé ìyá àti ọmọ gun òkè ìlú wa ni wọ́n ń ṣe é sí.

Irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ló wà nínú alùpùpù pupa tí tíṣà kan gbé wá pẹ̀lú dúdú kan. Ìgèdè ló ti ń kọ́ni, ojoojúmọ́ ló sì ń gba Ìyìn kọjá. Dúdú ń pariwo tẹ́-tẹ́-tẹ́ létí gbogbo wa, pupa rọra ń mí. Pupa ti wu tíṣà. Ọ̀gá ní kí n gun méjèèjì lọ sórí òkè kí n gùn wọ́n bọ̀, kí ọ́ìlì lè gbóná, kó sì ṣàn. Nígbà tí mo dé, ó na súkúdíráfà sí mi. Mo dijú, mo fún pupa níná, mo jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Kí lo gbọ́?”

“Kọ́nródù ni, sà. Ti dúdú, tápẹ́ẹ̀tì lásán ni.”

Kò gba súkúdíráfà lọ́wọ́ mi kó tún un gbọ́. Ó yíjú sí oníbàárà, ó ní, “Tíṣà, dúdú ni kí ẹ mú.” Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo tún tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, kí tíṣà tó gùn ún lọ sí Ìgèdè.