Ìdí Ìbọn àti Ẹnu Ìbọn: Àyẹ̀wò Ojú tí Lítíréṣọ̀ Ọdẹ fi Wo Níní Ìbọn

Òwe kan wà tí àgbà Yorùbá kì í fi ṣọ̀wọ́n: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Àlàyé tí a sábà máa ń ṣe lórí rẹ̀ ni pé òwe ìkìlọ̀ ni, pé ènìyàn kì í fi ewu ṣeré. Àlàyé yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò kó gbogbo ohun tí ó wà nínú òwe náà já. Ohun tí a fẹ́ kí a kíyè sí ni ibi tí ẹni tí ń pa òwe náà dúró sí. Kò dúró sí ìdí ìbọn. Iwájú ẹnu rẹ̀ ni ó wà. Kò mọ̀ bóyá apátí wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. Ẹni tí ó di ìdí ìbọn mú ni ó mọ̀, kò sì sí ohun tí ó fi dandan mú un pé kí ó sọ òtítọ́. Nínú pépà yìí, a ó lo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìdí ìbọn àti ẹnu ìbọn láti fi yẹ lítíréṣọ̀ ọdẹ wò, pàápàá jùlọ ìjálá, ìrèmọ̀jé, àti Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938. Èrò wa ni pé ìdí ìbọn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú lítíréṣọ̀ yìí ti ń sọ̀rọ̀, pé ẹnu ìbọn ni òfin ìjọba ti ń sọ̀rọ̀, àti pé Fágúnwà, ní ojú ewé díẹ̀ péré, mú wa dúró sí ibi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ irú ìbọn tí a ní lọ́kàn. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí ọdẹ nínú lítíréṣọ̀ wa, oògùn ni ojú wa sábà máa ń wà: ọfọ̀, àyájọ́, egbé, àfẹ̀ẹ̀rí. Ìbọn wá dà bí aṣọ tí a wọ̀ fún ọdẹ kí a lè dá a mọ̀. Èyí kò tọ́. Irinṣẹ́ ni ìbọn, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ìwà tirẹ̀ tí ó ń fi kọ́ ẹni tí ń lò ó. Ìbọn tí ọdẹ wa mọ̀ jù ni ṣakabùlà, èyí tí alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa lè rọ, tí ó sì lè tún ṣe. Láti ẹnu ni a ti ń kì í. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi àkísà tàbí òwú dí i, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ó kó ọta lé e, a ó sì tún dí i kí ọta má bàa yọ́ jáde bí ọdẹ bá dorí ìbọn kodò. Ẹ̀tù kò gbọdọ̀ rí omi. Bí ó bá kéré, ọta yóò kàn gbá ẹran lára ni. Bí ó bá pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, kí ó sì gba ìka tàbí ojú rẹ̀. Gbogbo èyí ni àgbà ọdẹ ń kọ́ ọmọ ọdẹ kí ó tó jẹ́ kí ó nìkan wọ igbó. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ fún wa ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ṣakabùlà ń dún. Lẹ́yìn náà, èéfín bo ojú ọdẹ, ìbọn di igi lásán lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi tún un kì, ẹran tí kò kú kì í sì dúró kí a parí iṣẹ́ náà.

Ní èrò tiwa, ìdún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí wà lára ohun tí ó mọ ìtàn ọdẹ bí ó ti rí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìpàdé ọdẹ pẹ̀lú ẹ̀dá abàmì fi máa ń tètè kúrò ní ti ìbọn, tí ó sì máa ń di ti ọfọ̀, ìjàkadì tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu. A máa ń sọ pé ìgbàgbọ́ nínú oògùn ni ó fa èyí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti yin ìbọn rẹ̀ tán kò ní ohun mìíràn tí yóò gbójú lé. Ẹ wo ẹgbẹ́ akọni tí Àkàrà-oògùn bá rin ìrìnàjò Òkè Láńgbòdó. Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn wà nínú wọn, tafàtafà wà nínú wọn, olóhùn dídùn àti ọlọgbọ́n náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí a fi ìbọn sọ lórúkọ. Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀, tí ó ti ń bá baba rẹ̀ ṣọdẹ láti kékeré, tí ó sì ní ìbọn tirẹ̀, oògùn ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀ṣọ́ọ̀sì rí ní Bàràsílì títí di òní: ọrun àti ọfà ni àmì rẹ̀. Ìbọn jẹ́ àlejò tí ó pẹ́ nílé, tí wọn kò tíì fi jẹ oyè.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìjálá. Láti ìgbà tí Adébóyè Babalọlá ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966 ni a ti mọ̀ pé oríkì ẹranko àti ẹyẹ jẹ́ òpó kan pàtàkì nínú ewì yìí. Ọdẹ a máa ki ẹran tí yóò pa. Ó mọ ìrìn rẹ̀, awọ rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, igbe rẹ̀ àti ibi tí ó ń sùn sí. Ìmọ̀ yìí wúlò fún títọpa àti fún ìfojúsùn, nítorí ẹni tí ó ní ọta kan ṣoṣo kò lè yin ín sí ibi tí kò mọ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn lórí bí a ti ń ta ọta wà nínú oríkì náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pe ara rẹ̀ ní ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n àǹfààní mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ. Ìjálá ń sọ̀rọ̀ láti ìdí ìbọn, òótọ́ ni, àmọ́ ó pẹ́ kí ó tó yin ín. Ó wo ẹni tí ó wà ní ẹnu ìbọn títí ẹni náà fi ní orúkọ, ìdílé àti ìtìjú. Nínú ewì tí ó dára, a kì í mọ ìgbà tí ìyìn ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí àánú. (Ẹnì kan lè sọ pé ohùn nìkan ni ó ya ẹtu inú igbó kúrò lára ẹ̀tù inú ìbọn. Eré ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn. A kò ní kọ́ ilé lé e.)

Ibi tí gbogbo èyí ti yí padà ni ìtàn baba Àkàrà-oògùn. Ògbójú ọdẹ àti olóògùn ni baba yìí. Àjẹ́ ni ìyàwó rẹ̀, òun sì ni ìyá ẹni tí ń sọ ìtàn. Baba yin ìbọn lu ẹran kan, ẹran náà ké bí ènìyàn, ó sì sá lọ. Baba tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kò wọ igbó, ilé ni ó wọ̀, inú yàrá ìyàwó ni ó sì dé. Ó bá obìnrin náà tí kò tíì parí ìparadà, apá kan ènìyàn, apá kan ẹran. Ìwé yìí kún fún iwin àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rù láti iwájú dé ẹ̀yìn, síbẹ̀ ọta tí ó ba ibi tí a fẹ́, tí a sì fi ojú rí ohun tí ó ṣe, inú ilé ni ó ti ṣe é.

Bí a bá fi ìtàn obìnrin ẹfọ̀n, èyí tí a máa ń sọ mọ́ Ọya, wé e, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ yóò hàn. Ọdẹ inú ìtàn náà rí ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ, tí ó di arẹwà obìnrin. Ohun ọdẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lò ó. Awọ ni ó gbé, ó fi pamọ́ sí ilé, ó sì fi àṣírí náà fẹ́ obìnrin náà. Nígbà tí àṣírí tú, obìnrin náà gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ó sì jà. Ọdẹ yìí rí obìnrin kí ó tó ronú ẹran. Baba Àkàrà-oògùn rí ẹran, ó sì bá obìnrin. A mọ̀ pé Fágúnwà ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà kí a má bàa dá baba lẹ́bi: ó ti jẹ́ kí a gbọ́ nípa ìkà obìnrin náà, ó sì ti jẹ́ kí ẹ̀dá abàmì kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ètò yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ó kánjú jù, ó sì dà bí ẹni pé òǹkọ̀wé fẹ́ kí a tètè kọjá níbẹ̀ kí a lè dé inú igbó. Ohun tí kò lè fi ètò bò mọ́lẹ̀ ni ipò ẹni tí ń sọ ìtàn. Ọmọ ni. Ìbọn baba rẹ̀ ni, ara ìyá rẹ̀ ni. Ẹni tí yóò di ọdẹ lọ́la, tí ipò rẹ̀ yóò sì jẹ́ ìdí ìbọn, ni ó ń ròyìn ohun tí ó jáde ní ẹnu rẹ̀. Nígbà tí a bá sọ pé ìwé yìí jẹ́ ìwé akọni, kí a rántí pé akọni náà tún gbé ìbọn lẹ́yìn tí ó ti rí èyí.

Òfin kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfin Ìbọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́ wà nínú èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí olórí orílẹ̀-èdè kò bá fún ní àṣẹ. Ìbọn tí a fi ń ṣe ọdẹ lọ́nà ìgbàlódé wà ní ìsọ̀rí kejì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni ó ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí kẹta, ìsọ̀rí ìbọn àkìlẹ́nu. Àní orúkọ ìsọ̀rí yìí gan-an, ẹnu ìbọn ni a fi pè é. A kò rí ọdẹ níbẹ̀, a kò rí alágbẹ̀dẹ, a kò sì rí Ògún. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò sì ka níní ìbọn mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń pè é, láti inú àtúnṣe kejì tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1791, ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jùlọ sì sọ ní 2008 pé ẹ̀tọ́ náà jẹ́ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá ọ̀rọ̀ yẹn lò fún ọdẹ. A kò gbà pé ó bá a mu. Ìjálá kò sọ pé ìbọn jẹ́ ẹ̀tọ́. Iṣẹ́ ni ó kà á sí, iṣẹ́ tí ó ní ọ̀gá, ìbúra àti ẹgbẹ́ tí ó lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣi í lò.

A kò sọ èyí láti dá òfin láre. Ìbọn kan náà ni ó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nígbà ọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, ìjọba sì pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ gbé wọ iṣẹ́ Amọ̀tẹ́kùn nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá dá a sílẹ̀ ní 2020, a sì pè wọ́n ní aláàbò. Apátí kò yí padà. Ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dúró sí ni ó yí. Ìwé ìtàn ọ̀daràn náà fi èyí hàn lọ́nà tirẹ̀: Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní 1971, láàrin méjèèjì sì ni ìjọba ológun ti ṣe òfin 1970 tí ó sọ ikú di ìjìyà fún fífi ohun ìjà jalè. Ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì ni Lápàdé, olú ẹ̀dá ìtàn ìwé wọ̀nyí. Ìlú àti títì ni ó ti ń dọdẹ, ènìyàn ni ó sì ń dọdẹ. Kò sí ẹni tí ń ki ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀.

Ìrèmọ̀jé ni a ó fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni ó sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹni ìdí ìbọn ti kú. Iṣẹ́ Bádé Àjùwọ̀n lórí rẹ̀, tí ó jáde ní 1982, ti fi hàn pé ewì yìí wà fún yíya òkú ọdẹ kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà ìṣípà, a ó kó ohun ìṣàpẹẹrẹ iṣẹ́ olóògbé jọ, àwọn ọdẹ yóò sun ìrèmọ̀jé, wọn yóò sì gbé ẹrù náà lọ sínú igbó. Àwọn tí ń sun ún a máa pe òkú lórúkọ, wọn a máa bi í ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Níbẹ̀, ọdẹ ni a ń kì bí ẹran: ìrìn rẹ̀, ìṣe rẹ̀, ibi tí ó máa ń lúgọ sí. A kò tíì rí lámèyítọ́ tí ó fi oríkì ẹranko inú ìjálá àti oríkì òkú ọdẹ inú ìrèmọ̀jé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó ka ìlà wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti wo iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń lò. Ohùn ìyàwó ọdẹ náà ṣì wà nílẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn, òun tí ń gbọ́ ìdún ìbọn láti ilé, tí kò sì mọ ohun tí ó bà.